Ẹ Má Fi Ìwakọ̀ Dá Ẹjọ́ Ìwà

Èrò kan ti rinlẹ̀ láàárín wa débi pé díẹ̀ ló kù kó di òwe: ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà èèyàn, kó wo bó ṣe ń wakọ̀. Ẹni tó ń fọn fèrè láìsinmi, onínúfùfù ni. Ẹni tó ń sá eré àsápajúdé, aláìbìkítà ni. Ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́, tó ń fún ẹlòmíràn láyè, ọmọlúàbí ni, kí òbí má bẹ̀rù láti fi ọmọ fún un. Nílùú Èkó, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìwà, ó ti di ti àìsàn. Wèrè ni ọ̀pọ̀ èrò ń pe awakọ̀ dáńfó, ìjọba náà sì ti ṣe bí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀, nítorí a ti rí ìgbà tí wọ́n ń rán ẹni tó bá gba wọn-wéè lọ ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kéde pé àwọn tó bá rú àwọn òfin ìrìnnà kan yóò máa ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Lókè òkun, àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ti bá èrò yìí ṣe ìwé ìbéèrè, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti bá a ṣe ẹ̀rọ. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu èrò ọkọ̀ ṣe di ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù nìyẹn. Mo ta kò ó. Ìwakọ̀ èèyàn kì í fi ìwà rẹ̀ hàn tó bí a ṣe rò. Ohun tó ń fi hàn jù ni ipò tí a fi èèyàn náà sí: ojú ọ̀nà tó ń gbà, owó tó ń lé e, iye wákàtí tó ti wà nídìí ìtọ́kọ̀, irú ọkọ̀ tí a gbé lé e lọ́wọ́, àti bóyá òfin wà lójúfò tàbí ó ń sùn. Ẹni tó bá ka ipò sí ìwà yóò jẹ aláìṣẹ̀ níyà, yóò sì jẹ́ kí ẹni tó dá ipò náà sílẹ̀ lọ láìdáhùn ìbéèrè kankan.

Èrò náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1919, Major Greenwood àti Hilda Woods gbé ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ogun. Wọ́n rí i pé ìjàǹbá kì í kárí: àwọn díẹ̀ ló ń ṣèṣe léraléra. Nígbà tó fi di 1926, Eric Farmer àti E. G. Chambers nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, pẹ̀lú Karl Marbe ní Jámánì, ti sọ ọ́ di ohun tó ń gbé inú ẹ̀dá, pé àwọn kan wà tí ìjàǹbá mọ ilé wọn. Ní 1949, dókítà méjì ní Kánádà, W. A. Tillmann àti G. E. Hobbs, wo àwọn awakọ̀ takisí ìlú London tó wà ní Ontario, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé bí èèyàn ṣe ń gbé ilé ayé ló ṣe ń wakọ̀. Gbólóhùn náà dùn létí, ó sì rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí wò. Ká ní awakọ̀ 100 wà tí ìwà wọn, ọgbọ́n wọn, ọkọ̀ wọn àti ojú ọ̀nà wọn rí bákan náà gẹ́lẹ́, tí ìjàǹbá 100 sì bọ́ sáàárín wọn láìṣe ojúsàájú. Kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni yóò kàn wọ́n. Nǹkan bí 37 kò ní rí ìjàǹbá rárá, nǹkan bí 37 mìíràn yóò rí ẹyọ kan, nǹkan bí 18 yóò rí méjì, àwọn bí 8 tó kù yóò rí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́jọ yìí nìkan ni yóò ru ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìjàǹbá náà. Ẹni tó bá ṣa orúkọ wọn jọ yóò búra pé òun ti rí àwọn oníjàǹbá, bẹ́ẹ̀ kòńgẹ́ lásán ló rí. A. G. Arbous àti J. E. Kerrich tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ ní 1951. Kí wọ́n tó dé, ní 1939, T. W. Forbes ti yẹ àkọsílẹ̀ àwọn awakọ̀ ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà wò, ó sì rí i pé àwọn tó ní ìjàǹbá léraléra ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìjàǹbá ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ká ní wọ́n lé gbogbo wọn kúrò lójú títì, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìjàǹbá náà yóò ṣì ṣẹlẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fura sí.

Lóde òní, ìwé ìbéèrè ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rọ̀ oníjàǹbá. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ti Yunifásítì Manchester wá. James Reason àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní 1990: ìbéèrè 50, awakọ̀ 520. Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ríru òfin. Èyí wúlò, mi ò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀, nítorí ẹni tó gbàgbé ibi tó gbé ọkọ̀ sí àti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba iná pupa kọjá kò jọ ara wọn, ìtọ́jú kan náà kò sì lè bá wọn mu. Ní 2004, Orit Taubman-Ben-Ari, Mario Mikulincer àti Omri Gillath ní Ísírẹ́lì tẹ̀ síwájú. Ìbéèrè tiwọn jẹ́ 44, wọ́n sì pín ìwakọ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ: èyí tí ọkàn awakọ̀ kò sí nídìí ohun tó ń ṣe, ti oníbẹ̀rù, ti afẹ̀míwewu, ti oníbìínú, ti eléré, ti ẹni tó ń wakọ̀ láti fi gbàgbé ìdààmú rẹ̀, ti onísùúrù àti ti oníṣọ̀ọ́ra. Wọ́n wá so ìwọ̀nyí mọ́ ìwà: bí èèyàn ṣe ka ara rẹ̀ sí tó, bó ṣe ń fẹ́ kí ìkáwọ́ nǹkan wà lọ́wọ́ òun, bó ṣe ń wá ohun tí yóò mú orí rẹ̀ yá gágá. Ó lọ geere lójú ìwé. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé a ti lè fi 44 ìbéèrè wo inú èèyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹnu kan náà ló ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ ló ń sọ irú ìwà tí òun ní, òun náà ló ń sọ bí òun ṣe ń wakọ̀, òun náà ló sì tún ń sọ iye ìjàǹbá tí òun ti ní. Ẹni tó fẹ́ kí a ka òun sí èèyàn jẹ́jẹ́ yóò dáhùn gbogbo rẹ̀ bí èèyàn jẹ́jẹ́, ẹni tó ń fi gbígbóyà yangàn yóò dáhùn bí onígbòyà. Bí ìdáhùn méjèèjì bá wá jọra, kí ni a wọ̀n? Bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ ni. Ní 1981, Ola Svenson bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà àti ní Sweden bí wọ́n ṣe mọ ọkọ̀ wà sí láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ti Amẹ́ríkà ló ní àwọn wà nínú ìdajì tó mọ̀ ọ́n jù. Ní Sweden, ìdá 69 ni. Ìdajì kò lè gba èèyàn 93 nínú 100. Àwọn onímọ̀ bíi Anders af Wåhlberg ní Sweden ti pariwo lórí kùdìẹ̀-kudiẹ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ ìwé ìbéèrè kò yé jáde. Nígbà tí Joost de Winter àti Dimitra Dodou ní Netherlands kó ìwádìí 174 tó lo ìbéèrè Manchester jọ ní 2010, ìbátan tí wọ́n rí láàárín ríru òfin àti ìjàǹbá kò ju 0.13 lọ, ti àṣìṣe sì jẹ́ 0.10. Nínú irú ìṣirò yìí, 0 túmọ̀ sí pé kò sí ìbátan rárá, 1 sì túmọ̀ sí pé ọ̀kan ń fi èkejì hàn gẹ́lẹ́. Ẹ sọ 0.13 di ìdá ohun tó ń fi hàn nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín awakọ̀ kan àti òmíràn, kò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí jẹ́ láti ìwakọ̀ sí ìjàǹbá nìkan o. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìwà, kó gba ìwakọ̀ kọjá, kó tó dé ìjàǹbá, ìgbésẹ̀ méjì ló ní láti gbé, ohun tó mú dání yóò sì tún dínkù.

Àwọn tó mọ ìṣirò yóò ta kò mí níbí. Wọ́n á ní ìjàǹbá kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, pé ohun tó ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀ kò lè ní ìbátan tó ga pẹ̀lú ohunkóhun, pé 0.13 lórí ọ̀kẹ́ àìmọye awakọ̀ lè gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ yẹn gan-an ló ń ta ko lílo ìwọ̀n yìí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá wúlò láti fi mọ bí nǹkan ṣe rí láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn kò wúlò láti fi dá ẹjọ́ ẹnì kan tó jókòó síwájú wa, yálà ẹni náà ń tọrọ iṣẹ́ awakọ̀, tàbí ó ń ra adójútòfò, tàbí LASTMA, àjọ tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ l'Ékòó, ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un. Onímọ̀ tó ṣe ìwádìí mọ ààlà yìí, ó sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń lo ìwádìí náà kì í ka ojú ìwé yẹn.

Bí ìwà bá jẹ́ òpó ìwakọ̀, a jẹ́ pé ìwakọ̀ kò gbọdọ̀ yí padà tí ìwà kò bá yí padà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fi awakọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, tí a sì yí ohun tó yí i ká padà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, gbogbo Sweden kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún títì ní ìdájí kan ṣoṣo, bí Nàìjíríà náà ṣe ṣe ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Àwọn èèyàn bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn ní Sweden. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: ìjàǹbá dínkù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ojú gbogbo awakọ̀ là sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà tuntun náà mọ́ wọn lára, iye ìjàǹbá tún padà sókè. Kò sí ẹni tí ìwà rẹ̀ sàn sí i ní ìdájí ọjọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tí ìwà rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà. James Habyarimana àti William Jack, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, mú àwọn mátátù, ìyẹn ọkọ̀ èrò, tó ń rin ọ̀nà jíjìn ní Kẹ́ńyà, wọ́n fi kòńgẹ́ yan èyí tó lé ní 1,000 nínú wọn, wọ́n sì lẹ sítíkà sínú wọn. Ọ̀rọ̀ tó wà lára sítíkà náà ń rọ èrò pé kí wọ́n la ohùn bí awakọ̀ bá ń wà á ní ìwàkuwà. Wọn kò bi awakọ̀ kankan ní ìbéèrè nípa ọkàn rẹ̀. Wọn kò pààrọ̀ awakọ̀. Wọ́n lọ wo ìwé ilé-iṣẹ́ adójútòfò, níbi tí èèyàn kò ti lè fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìjàǹbá tí wọ́n torí rẹ̀ béèrè owó adójútòfò lórí àwọn ọkọ̀ náà dínkù ní ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Wọ́n tẹ èsì yìí jáde ní 2011. Wọ́n tún un ṣe lórí ọkọ̀ tó tó 12,000, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015: ìdínkù náà jẹ́ láti ìdá 25 sí 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó dúró. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.13 yẹn. Bébà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí a lẹ̀ mọ́ ibi tí ojú èrò lè tó o, ṣe ohun tí gbogbo ìwé ìbéèrè nípa ìwà kò tíì ṣe rí. Ohun tó ń sáré lọ́kàn awakọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé èèyàn mẹ́rìnlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò dákẹ́ mọ́.

Ẹ wá padà sí Èkó, ká wo dáńfó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń wà á kọ́ ló ni ín. Olówó ọkọ̀ ti bu iye tí yóò gbà lálẹ́, yálà òjò rọ̀ tàbí oòrùn ràn, yálà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gba gbogbo ọ̀sán lọ tàbí kò gbà á. Epo wà lọ́rùn awakọ̀. Owó àgbèrò wà lọ́rùn rẹ̀ láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì, owó tí wọ́n ń já gbà lójú pópó láìsí ìwé náà wà níbẹ̀. Ohun tó bá kù lẹ́yìn gbogbo èyí ni òun àti kọndọ́ yóò pín. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan fò sókè láti iye tí kò pé ₦200 sí iye tó lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí olówó ọkọ̀ tó fi ìyẹn dárí owó rẹ̀ jì. Ẹni tó wà nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìrìn kan tó bá dínkù lóòjọ́ ni oúnjẹ ọmọ òun. Bó bá wá ya bàrá sí ọ̀nà òdì, tó dúró láàárín títì láti gbé èrò kan, tó ń bá ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ du ibùdókọ̀, ìwé ìbéèrè yóò pè é ní oníbìínú àti afẹ̀míwewu. Daniel Agbiboa, tó gbé ìwé They Eat Our Sweat jáde ní 2022 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò Èkó, fi hàn bí owó tí gbogbo ẹni tó ní agbára ń já gbà lọ́wọ́ wọn ṣe ń lé wọn káàkiri ìgboro. A kò rí olówó ọkọ̀, àgbèrò àti ọlọ́pàá nínú ọ̀kankan lára àwọn ọ̀nà ìwakọ̀ mẹ́jọ yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń di ìtọ́kọ̀ mú pẹ̀lú awakọ̀.

Ìlú Èkó tilẹ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni wọ́n ṣí ọ̀nà BRT, ọ̀nà àkànṣe fún bọ́ọ̀sì ńlá, láti Máìlì 12 dé CMS. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó wà lábẹ́ NURTW, ẹgbẹ́ awakọ̀ kan náà tí gbogbo ìlú ń bú, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń rin ọ̀nà yẹn. Wọ́n ya apá kan títì sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ wọn, èrò máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọlé nígbà náà, ibùdókọ̀ ní ààyè tirẹ̀, kò sí kọndọ́ tó ń so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ń kígbe pé kí èrò wọlé pẹ̀lú ṣéńjì. BRT ní àléébù tirẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ náà sì ti kọ lu èèyàn rí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rìn lọ́nà yẹn tí kò rí i pé ìwakọ̀ náà yàtọ̀ sí ti dáńfó tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ kan náà ni. Ètò ló yàtọ̀.

Kánjúkánjú nìkan tó láti yí èèyàn rere padà. Ní 1973, John Darley àti Daniel Batson fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Princeton dán èyí wò: wọ́n ní kí wọ́n lọ sọ̀rọ̀ ní ilé kejì, ẹnì kan sì dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà bí aláìsàn. Nínú àwọn tí a kò kán lójú, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún dúró ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn tí a sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, ìdá 10 péré. Irú ìgbàgbọ́ tí wọ́n wọ̀n lọ́kàn wọn kò sọ ẹni tí yóò dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra àtidi pásítọ̀ lèyí, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn.

Àwọn kan yóò ní kí a fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ti dé. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò Progressive ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ Snapshot tó ń ka bí awakọ̀ ṣe ń tẹ bíréèkì lójijì àti aago tó ń jáde. Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ ní máàkì ìṣọ́ra ní 2021. Ẹ̀rọ kì í purọ́ nípa ara rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló ń kà? Bíréèkì òjijì máa ń pọ̀ níbi tí ọ̀kadà ti ń já wọ iwájú ọkọ̀, tí ọmọdé ti ń sáré gba títì kọjá, tí kòtò ti wà ní gbogbo ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Ìwakọ̀ lóru máa ń pọ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ọdẹ, alásè ilé oúnjẹ àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tàn mọ́jú. Ẹ̀rọ náà dà bí ẹni tó ń wọn bí omi ṣe ń sáré, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníwàǹwára ni omi yìí, láìwo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tó ń ṣàn gbà. Ibi tí èèyàn ń gbé àti iṣẹ́ tó ń ṣe ló wọ̀n, ó sì fi orúkọ èèyàn náà lé e. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí pé General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, ń ta àkọsílẹ̀ bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ń wakọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ bíi LexisNexis, èyí sì dé ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò. Owó tí àwọn kan ń san ga sókè, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà kéde ìgbésẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí General Motors fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn nípa oníbàárà jọ fún ọdún márùn-ún. Ọ̀nà tí ìwọ̀n ìwà máa ń tọ̀ nìyẹn. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní yàrá ìwádìí, ó ń parí sí àpò ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wọn òun.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù lọ ṣì kù, mi ò sì ní fo ó. Lójú ọ̀nà kan náà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà, awakọ̀ kan ń dúró, èkejì ń gun orí pèpéle títì. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìwà? Ó wà níbẹ̀. Brian Jonah ṣe àtúnyẹ̀wò àwọn ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1997, ó sì rí i pé ìbátan tó wà láàárín wíwá ohun amóríyá àti ìwakọ̀ eléwu sábà máa ń wà láàárín 0.30 sí 0.40. A mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń ní ìjàǹbá ju àwọn tó ti dàgbà lọ níbi gbogbo tí a ti ka ìjàǹbá. Mi ò sọ pé èèyàn jẹ́ ẹ̀rọ tí ipò ń tì kiri. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tó pe ìyàtọ̀ tó wà láàárín awakọ̀ méjì ní ìwà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe ìwà kúrò: ta ló ni ọkọ̀, ta ló ń gba owó oṣù, ta ló ti jí láti aago mẹ́rin ìdájí, ta ni wọ́n kọ́ ní ìwakọ̀ dáadáa, ta ló kan jókòó ti ọ̀gá títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ìtọ́kọ̀, ta ni bíréèkì rẹ̀ pé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ń dàgbà, ìwakọ̀ rẹ̀ ń yí padà, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ìwà fúnra wọn ló ń sọ fún wa pé ìwà kì í yára yí padà. Ohun tó bá kù lẹ́yìn yíyọ gbogbo èyí ni ìwà. Kò pọ̀, kò sì sí ohun tí ìjọba lè fi ṣe. Kò sí àjọ tó lè tún ìwà awakọ̀ gbogbo ìlú ṣe. Òfin wà tó lè sọ pé kí olówó ọkọ̀ má bu iye lé awakọ̀ lórí.

Wọ́n á tún ní mò ń gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó pààyàn. Rárá o. Ẹni tó gba wọn-wéè, tó sì pa ọmọ ọlọ́mọ, kó lọ dáhùn níwájú adájọ́ fún ohun tó ṣe. Òfin ń fìyà jẹ ìṣe, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Nígbà tí a bá rán an lọ sílé ìwòsàn àrùn ọpọlọ dípò kóòtù, ohun méjì la ṣe lẹ́ẹ̀kan: a tàbùkù aláìsàn ọpọlọ, tí a sọ ibi ìtọ́jú rẹ̀ di ibi ìyà, a sì sọ pé ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, tó ṣírò èrè àti ewu rẹ̀, kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ FRSC bá dúró lójú ọ̀nà: bẹ́líìtì ń wọ àyà, fóònù ń wọ àpò, eré ń rọlẹ̀, títí a ó fi kọjá wọn. Ẹni tó ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977, tí òun sì di alága àkọ́kọ́ FRSC lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1988, èèyàn tó dúró lójú títì ni iṣẹ́ náà gbára lé.

Àwọn tó gba ẹ̀mí là jù lọ lójú títì kò bẹ̀rẹ̀ láti ìwà. Títí di ọdún 1965, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà ń di gbogbo ẹ̀bi ru ẹni tó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀. Ralph Nader gbé ìwé Unsafe at Any Speed jáde lọ́dún yẹn, ó darí ojú ìlú sí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé aṣòfin ṣe òfin ààbò ọkọ̀. Nígbà náà, fún 100 mílíọ̀nù máìlì tí ọkọ̀ rìn, èèyàn bíi 5.5 ló ń kú. Ní ọdún 2014, kò ju nǹkan bíi 1.1 lọ. Sweden fi òfin gbé ètò Vision Zero kalẹ̀ ní 1997, èyí tó gbà pé èèyàn yóò máa ṣàṣìṣe, tó sì ní kí ọ̀nà àti ọkọ̀ má jẹ́ kí àṣìṣe náà pa á. Èèyàn 541 ló kú lójú títì wọn lọ́dún náà. Ní 2010, 266 ni.

Ẹ̀yin aṣòfin Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́, ẹ fi òfin dé owó tí olówó ọkọ̀ ń bù lé awakọ̀ lórí, ẹ mú owó àgbèrò kúrò lójú pópó, ẹ dá iye wákàtí tí awakọ̀ èrò lè fi wà lẹ́nu iṣẹ́ lóòjọ́. Ẹ̀yin FRSC, ẹ fi owó àyẹ̀wò ọpọlọ ra sítíkà, kí ẹ lẹ̀ wọ́n sínú gbogbo ọkọ̀ tó ń na ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí èrò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin oníròyìn, bí ọkọ̀ èrò bá tún dojú dé, ẹ má kọ́kọ́ bi wá léèrè irú èèyàn tí awakọ̀ náà jẹ́. Ẹ béèrè iye wákàtí tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, iye tó gbọ́dọ̀ kó wálé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìgbà tí wọ́n yẹ bíréèkì rẹ̀ wò kẹ́yìn, àti orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀.